Gbèsè Oòrùn Méjì

Èmi Famúrewá, atúnrédíòṣe ní Òkèsà,
ni mo ṣe amí fún wọn. Ẹ má pariwo.

Òru tí ọkọ̀ wọn já lulẹ̀ lẹ́yìn ilé iṣẹ́ ọtí,
gbogbo àdúgbò rò pé tìransífọ́mà ló tún bú,
a ṣépè fún àwọn oníná, a padà sùn.

Ẹ̀yà méjì ni wọ́n. Ilé wọn jìnnà
ju ibi tí owó ìfẹ̀yìntì mi wà lọ.
Oòrùn méjì ní ń yọ lójú ọ̀run tiwọn,
pupa kan, funfun kan, lẹ́ẹ̀kan náà.
Èwo ni kí èèyàn kọ́kọ́ kí láàárọ̀?
Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ nìyẹn. Ẹgbẹ̀rin ọdún
ni ìlú fi ń jó lórí ẹyọ “ẹ káàárọ̀” kan.

Àwọn Pupa rán ayọ́lẹ̀wò.
Ó gbé awọ òṣìṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná wọ̀,
ó fẹ́ ka mítà mi lọ́jọ́ tí kò síná,
ó rẹ́rìn-ín sí mi, kò bèèrè kọ́bọ̀.
Mo ní, “Ìwọ yìí, ìràwọ̀ wo lo ti wá?”
Bàtà rẹ̀ bú sẹ́kún.
(Àtẹ́lẹsẹ̀ ni ẹnu gbogbo wọn wà. N ò tíì mọ̀.)

Ewúrẹ́ ni ti Funfun dà.
Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi láti aago méje,
kò jẹ èèpo iṣu, kò ṣu sí fáráńdà,
ó kàn ń wo àdúgbò bí ẹni ń ka ìwé òfin.
Nígbà tó yá, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ilé yín nìyí?”
Ilé! Ewúrẹ́ Iléṣà wo ni kò ní pè é ní ulé?

Làwọn méjèèjì bá bẹ̀ mí níṣẹ́, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.
Láàárọ̀, mo gbé àṣírí Pupa fún Funfun;
nírọ̀lẹ́, mo gbé ti Funfun fún Pupa,
nínú agolo mílíìkì.
Lọ́jọ́ kan mo ṣi agolo gbé, mo ta Pupa fún Pupa.
Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀rù bà wọ́n: “Ọ̀tá wa gbọ́n o!
Bí àwa ṣe ń ronú gẹ́lẹ́ làwọn náà ń ronú!”

Oṣù mẹ́ta. Wọn ò sanwó.
Pupa ní ogun ni. Funfun ní nẹ́tíwọ́kì ò dáa.

Wọn ò mọ ìyá ìyá mi, Adéòtí,
tó ta aṣọ láwìn dé Kàbà,
tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè nínú òjò
títí ọkùnrin náà fi ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀.
Mo bu ẹ̀pà, mo ká ṣòkòtò dé orúnkún,
mo lóṣòó sáàárín ọkọ̀ méjèèjì:
òṣó ni màá ló títí n ó fi gbowó mi.

Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n yin iná sí mi. Mo fi yan ẹ̀pà.
Lọ́jọ́ kejì, wọ́n láwọn ó sọ Iléṣà deérú.
Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ sanwó ná.
Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀gágun méjèèjì jáde tìtìjú-tìtìjú,
wọ́n jókòó sórí kíréètì ọtí òfìfo,
wọ́n dáwó jọ fúngbà àkọ́kọ́ láyé wọn:
wúrà kan, ó tó orí àgbàlagbà.
“Ó yá,” ni wọ́n wí, “fún wa ní ṣéńjì.”

Ibo ni n ó ti rí ṣéńjì wúrà?
Mo ní kí wọ́n padà wá lọ́la.

Ọ̀la yẹn ti pé ọdún kan.
Ẹ yọjú lójú fèrèsé, ẹ rọra o:
pupa kan, funfun kan, ẹ̀gbẹ́ ara wọn,
wọ́n lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà mi,
wọ́n jọ ń jẹ ẹ̀pà nínú agolo mílíìkì mi.
Bí oòrùn kan ṣoṣo tiwa yìí bá yọ,
wọ́n á gbẹ́sẹ̀ sókè, wọ́n á jọ kí i.

Bí wọ́n bá bi yín, Famúrewá ti rè Ìpetu.
Ẹ ní ulé rẹ̀ kọ́ nìyí.
Ẹ jọ̀ọ́, ulé ni kí ẹ pè é,
kí wọ́n lè gbà yín gbọ́.