Ẹ̀gbọ́n Tó Dúró Síta

Oṣù kìn-ín-ní ọdún, ní Saskatoon.
Yìnyín bo òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, ó bo àtẹ̀gùn.
Mo jókòó sínú mọ́tò, mo tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀:
ọmọ ni mo gbé wá, n ò bá ti ìsìn wá.

Mo ti gbọ́ ẹ̀kọ́ wọn rí: kókó kìíní, kókó kejì,
bí ìwé owó iná, gbogbo ẹ̀ pé, gbogbo ẹ̀ bára mu.
Lọ́jọ́ tí a sin Mórẹ́nikẹ́,
mo wá èyí tí màá dì mú nínú wọn.
Gbogbo wọn ń yọ̀ bọ́rọ́bọ́rọ́.

Nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná,
Màmá Fadérera ń pa ìtàn fáwọn ọmọ wẹ́wẹ́.
Ó ní bàbá kan wà tó ń wo títì lójoojúmọ́,
tó rí ọmọ rẹ̀ lókèèrè, tó sáré jáde
láìwọ bàtà, nínú yìnyín.
(Ta ló ní yìnyín wà níbẹ̀? Màmá ni.)

Tiwatọ́pẹ́ ló sọ ọ́ fún mi.
Ó kan gíláàsì mọ́tò, kó, kó, kó:
"Dádì, ẹ̀gbọ́n ń bínú, ó dúró síta.
Bàbá jáde wá bẹ̀ ẹ́.
Màmá ní ibẹ̀ nìtàn parí sí.
Ṣé ó padà wọlé ni?"

Mo wo ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.
Arúgbó kan dúró síbẹ̀, kò wọ kóòtù.
"N ò mọ̀," mo ní.
Èémí ọmọ ti bo gíláàsì.

Mo pa ẹ́ńjìnnì.