Ọmọ Tí Kò Tíì Sunkún

Ọjọ́ kẹtàlá tí mo fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ agbẹ̀bí
ni mo wọ ṣọ́ọ̀bù Oyèkànmí ní Sábó, l'Ógbómọ̀ṣọ́,
mo ní: "Gìtá ni mo fẹ́ rà. Èyí tó ń lo iná."
Ó wo ewú orí mi, ó wo bàtà mi,
ó ní, "Ṣé fún ọmọ-ọmọ yín ni, Màmá?"
Mo ní fún èmi tí mo dúró yìí ni.

Iná ò sí. Láti ìdájí ni wọ́n ti mú un lọ.
Epo ò sí nínú jẹnẹrétọ̀.
Gìtá mẹ́rin so rọ̀ mọ́ ògiri, wọ́n yadi
bí ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, tí kò tíì sunkún.

Oyèkànmí bẹ̀rẹ̀ sí í polówó.
Fẹ́ńdà pupa yìí, ó ní, ọ̀gá wọn ni,
ohùn rẹ̀ mọ́ gaara bí omi àmù.
Àmọ́ owó rẹ̀! Ó tó ra màlúù méjì
kó sì tún ṣẹ́kù okùn tí a ó fi so wọ́n.
Ó bọ́ sí èkejì, Síkúáyà, àbúrò Fẹ́ńdà,
ojú jọ ojú, imú jọ imú,
ilé kan náà, owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.
Mo gbé e. Ó fúyẹ́. Ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́,
ìka mi tó ti wú ní oríkèé yí i ká láìjà.

Ẹ̀kẹta, Ẹ́pífóònù, dúdú bí kóró iṣin,
ó wúwo! Èjìká mi rántí
obìnrin ará Ìrẹsà kan tí mo gbé láti ẹnu ilẹ̀kùn
dé orí bẹ́ẹ̀dì, lóru òjò, lọ́dún wo lọ́hùn-ún.
Oyèkànmí ní, "Ìwúwo yẹn ni ohùn, Màmá.
Bí ẹ bá ta á, á lẹ̀ mọ́ yín létí bí oyin."
Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Mo ti gbé ohun wúwo tó.

Ẹ̀kẹrin, Yamáhà. Ara rẹ̀ ti ha,
ẹnìkan ti fi ìṣó kọ ÀJÀDÍ sẹ́yìn rẹ̀.
Kò polówó ìyẹn. Ó kàn sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́.
Orúkọ alùpùpù bàbá mi ló ń jẹ́.

Báwo la ṣe ń yan ohùn nígbà tí ohùn ò sí?
Mo ṣe ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe.
Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi etí lé igi Fẹ́ńdà
bí mo ṣe ń fi etí lé ikùn aboyún
nígbà tí ẹ̀rọ bá dákẹ́ ní wọ́ọ̀dù.
Mo fi àtàǹpàkò ta okùn kan.
Inú igi dáhùn, kín-ín, ó tètè lọ.
Ti Síkúáyà gbọ̀n díẹ̀, bí ẹni tí òtútù ń mú.
Ti Ẹ́pífóònù pẹ́, ó pẹ́ gan-an,
mo ka mẹ́tàlá, kò tíì tán.
Ti Yamáhà…
ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, kò dùn ju tiwọn lọ.
Ṣùgbọ́n mo ta á lókè ọrùn, mo ta á nísàlẹ̀,
kò yẹsẹ̀, kò dákú níbì kankan.

Agogo méjì kọjá kí àwọn ọmọdé tó hó yèè: iná dé!
Oyèkànmí sáré ki wáyà bọ Fẹ́ńdà nídìí.
Ìgò mì lórí pẹpẹ. Ọlọ́kadà méjì dúró lójú títì.
Ó wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ti yí ọkàn padà.
Mo ní ó dára. Ó dára púpọ̀.
Ṣùgbọ́n èmi àti àṣìṣe mi la jọ ń lọ ilé,
ẹni tí yóò fara dà wá ni mò ń wá.

A ná an títí. Mi ò bèèrè ta ni Àjàdí.

Kí n tó délé, wọ́n ti tún mú iná lọ.
Mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mo fi àgbọ̀n lé igi,
okùn wọ ìka mi lára.
Ó ta mí.
Mo ta á.