Ilẹ̀ Tó Wà Nínú Àpilẹ̀kọ

Saskatoon, oṣù kejì ọdún.
Òtútù ti sọ̀ dé ọgbọ̀n nísàlẹ̀ òdo,
irun imú mi ń dì bí mo bá ti mí,
odò tó la ìlú já ń rú èéfín
bí omi ìwẹ̀ abiyamọ.
Mo jókòó sí àjà kẹrin ilé ìkàwé,
mo kọ àkọlé, mo pa á rẹ́,
mo tún un kọ.

Ọ̀rọ̀ mẹ́tàlélógún ló wà nínú ti àkọ́kọ́:
ilẹ̀, omi, iyọ̀, àgbẹ̀, ìjọba, ebi aráyé,
mo kó gbogbo rẹ̀ mọ́ra
bí ẹni tí iná lé jáde nílé.
Ọ̀jọ̀gbọ́n Marusiak kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀,
ó fi pẹ́ńsùlù fagi lé mọ́kàndínlógún.
Mẹ́rin ló kù.
"Ìbíwùmí, ọdún méjì lo ní, o ò ní ọgọ́rùn-ún.
Kí lo fẹ́ mọ̀ gan-an?"

Ìbéèrè yẹn bá mi wọ bọ́ọ̀sì,
ó bá mi dé ilé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́,
ó dúró tì mí bí mo ṣe ń yí Màmá Eudora sẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì.
"Àgbẹ̀ ni bàbá tèmi," màmá wí lóru ọjọ́ kan,
"bí ilẹ̀ bá ti funfun létí adágún,
a máa ń tọ́ ọ wò.
Bó bá korò, ẹran la máa dà síbẹ̀."

Bàbá tèmi náà, ní Ìgbòho,
á bu ilẹ̀ sátẹ́lẹ́wọ́, á gbóòórùn rẹ̀,
á ní, "Èyí ti ṣá."
N kò kọ ìyẹn sínú orí kejì.
Ní orí kejì, Lágbájá ní báyìí ni,
Tàmẹ̀dò ní bẹ́ẹ̀ kọ́,
Làkáṣègbè ní kí wọ́n túbọ̀ ṣèwádìí sí i.
Èmi dà níbẹ̀?

Lọ́jọ́ ọdún Àjíǹde, fírísà yàrá ìwádìí kú.
Ogójì àpò ilẹ̀ tí mo fọwọ́ ara mi wà
yọ́, ó di ẹrẹ̀.
Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. N kò sunkún.
Irọ́ ni, mo sunkún.
Rodelio tó ń tún ilé ẹ̀kọ́ ṣe gbé kọfí tì mí,
kò sọ nǹkan kan,
ó ń nu ilẹ̀ yí mi ká
bí ẹni tó ń roko yí ẹ̀gẹ́ ká.

Mo pe ilé. "Bàbá, ilẹ̀ mi ti bàjẹ́."
"Ṣé wọ́n ti kó ilẹ̀ tán nílùú yín ni?
Lọ wa òmíràn."

Nígbà tí yìnyín yọ́, mo gbé ṣọ́bìrì
lọ sóko tí ọmọ-ọmọ Màmá Eudora ń dá báyìí.
Eteetí adágún funfun bí ẹ̀fun.
Mo wọ̀tún, mo wòsì, ojú ń tì mí,
mo fi ìka kan ahọ́n.
Ó korò.
Mo wá gbé ẹ̀rọ tì í,
mo kọ nọ́ńbà tó kà sílẹ̀.

Àpilẹ̀kọ là ń pe irú ìwé yìí nílé.
Ó tó ọdún kan gbáko tí mo ti ń pè é
kí n tó gbọ́ ilẹ̀ tó wà láàrin rẹ̀.

Ojú ìwé mẹ́tàdínlógún ló wà lọ́wọ́.
Ó ku bí ọgọ́ta.
Bọ́ọ̀sì alẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé.