Ilẹ̀kùn Tó Ń Gbọ́ Ohùn

Ọ̀bẹ ìyá ìyá mi ní Ìkìrun,
èyí tó fi ń rẹ́ ilá, tó fi ń ha ìpẹ́ ẹja,
ní àkọlé tín-ín-rín kan lára irin:
Ṣẹ́fíìdì.
Mo ti mọ̀ ọ́n pè kí n tó mọ̀ pé ìlú ni.
Mo rò pé orúkọ ọ̀bẹ náà ni.

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, mo dúró níbẹ̀,
alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oṣù Kọkànlá, òjò wẹ́wẹ́,
lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ọ̀bẹ àtijọ́ kan
tí àwọn tó ń kọ kóòdù ti sọ di ilé ìpàdé.
Ilẹ̀kùn náà kò ní kọ́kọ́rọ́.
Ohùn ló ń gbọ́. Àwọn ni wọ́n ṣe é fúnra wọn,
wọ́n sì ń fi í yangàn.
"Sọ orúkọ rẹ, kí o wọlé."

Mo ní, Ìbídùn. Ó dákẹ́.
Mo ní, Ìbídùn. Iná pupa ṣẹ́jú.
Mo wá yọ ohùn kúrò lára orúkọ mi,
mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ bí aṣọ tí a lọ̀,
mo pè é bí ẹni tí eyín ń dùn.
Ilẹ̀kùn kò mọ̀ mí.
Èmi náà kò fẹ́ẹ̀ mọ ara mi mọ́.

Ìyá àgbà kan dé lẹ́yìn mi, tòun ti garawa:
Dòríìnì, tó ń tún ilé náà ṣe.
Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà tó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀,
tó ń dán ọ̀bẹ lójú ẹ̀rọ,
tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé ẹsẹ̀ rẹ̀,
tí eruku dúdú bò ó dé etí.
Ta ló mọ̀, bóyá ọwọ́ rẹ̀ ni tiwa ti kọjá.
Ó pè mí ní àyànfẹ́,
bí wọ́n ṣe ń pe ará àti àlejò níbẹ̀.
"Má dá a lóhùn. Kò gbọ́ tèmi náà rí,
bẹ́ẹ̀ òpópónà kejì ni wọ́n bí mi sí."
Ó fi ìdí garawa lu ilẹ̀kùn, gbì!
Ó ṣí.

Lókè, tíì wà, bisikíìtì wà.
Ọ̀gbẹ́ni kan tí ohùn rẹ̀ ń dán bí abọ́ tánganran
béèrè, kò sì fi ìjà béèrè:
kí ló kan kóòdù kan awọ ara?
Bí obìnrin ló kọ ọ́, bí adití ni,
bí ẹni tó ti òkèèrè wá ni,
ẹ̀rọ kì í wojú. Kó ṣáà ti ṣiṣẹ́.

Mo ti di ìbínú sápò láti ilé.
Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ìyá ìyá mi ló wá sí mi lọ́kàn,
èkù rẹ̀ tó ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì
tí Bàbá Lájídé gbẹ́nàgbẹ́nà bá wa gbẹ́ òmíràn.
Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Mo ní: ẹ̀yin mélòó lẹ fi ohùn yín kọ́ ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀?
Wọ́n wo ara wọn. Mẹ́fà.
Yunifásítì wo lẹ lọ?
Wọ́n rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀kan náà ni.
Mo ní: òótọ́ ni, ilẹ̀kùn yẹn kò kórìíra ẹnikẹ́ni.
Ẹnu mẹ́fà péré ló gbọ́ rí,
ó sì rò pé aráyé tán síbẹ̀.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.
Ọ̀gbẹ́ni náà ń po tíì rẹ̀, ó ń pò ó,
bẹ́ẹ̀ kò fi ṣúgà sí i.

Ọmọkùnrin kan, Máálíkì, sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú fóònù,
ó ní kí Dòríìnì sọ ohun tó bá wù ú.
Ohun tó sọ, n kò lè kọ ọ́ síbí.
Láti oṣù tó kọjá, ilẹ̀kùn ń ṣí fún un
kó tó gbé garawa sílẹ̀.

Èmi ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta ló ń gbọ́ mi.
Ṣùgbọ́n n kò yọ ohùn kúrò lára orúkọ mi mọ́.
Mo ń dúró nínú òtútù, mo ń pè é,
Ìbídùn, Ìbídùn,
bí ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ lára òkúta.