Ẹ̀rin Nínú Àpótí Keje

Oṣù kẹta ti fẹ́ parí, yìnyín adágún kò tíì yọ́.
Dùlúùtù dákẹ́ bí ilé tí àlejò ti kúrò.
Mo jókòó sí àyè Ládiméjì nídìí tábìlì,
awò ojú rẹ̀ ni mo fi ń kàwé, nítorí tèmi ti fọ́.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣe bébà
nílé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn afárá.
Òórùn igi bíbọ̀ kì í kúrò lára kóòtù rẹ̀.
Àṣé bébà náà ni yóò padà dà fún mi:
ewé kan péré, orúkọ mi lórí, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ nínú,
àpótí wẹẹrẹ-wẹẹrẹ bí ojú afárá oyin.

Òun ló máa ń ṣírò owó orí wa.
Èmi a po ògì, òun a tẹ kọ̀ǹpútà,
a máa bá ẹ̀rọ náà jà bí ẹni ń bá àna rẹ̀ jà,
tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ẹ̀rọ bi mí: ta ló gba owó yìí? Mo ní èmi ni.
Ọmọ ọdún mélòó? Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.
Kí ló dé tí o fi gbà á?
Ó da ìdí sílẹ̀ bí ẹni da àpò ẹ̀wà,
mo ṣa èyí tó jọ mí níbẹ̀:
ó gbà á kí ọjọ́ orí rẹ̀ tó tó.
Mo tẹ ení. Ṣé irọ́ ni? N kò kúkú tíì pé ọgọ́ta.

Nọ́ńbà òkè, tó tutù bí ewé láti àárọ̀,
di pupa fòò.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin dọ́là ó lé. Ìtanràn wà nínú rẹ̀, ìdámẹ́wàá.
Mo ti san ìdámẹ́wàá tèmi ní ṣọ́ọ̀ṣì!

Ọkàn kan ní kí n ki ìwé náà bọ abẹ́ agolo ṣúgà,
kí n ṣe bí ẹni pé kò wá.
Ṣùgbọ́n èkejì rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ ìjọba ṣáájú mi.
Ta ní í gbé Táyé pamọ́
nígbà tí Kẹ́hìndé ń rojọ́ lójúde?

Mo pe Fadérera ní Fágò.
“Màámi, ẹ má wo ara yín. Ìwé ni kí ẹ wò.
Kí ló wà nínú àpótí keje?”

Mo nu awò. Mo gbé e sún mọ́ iná.
Ẹ̀rin.
Kékeré, ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan bí àkọ̀.
Ẹ̀rin ni mo wí o, kì í ṣe ẹ̀rín.
“Ó túmọ̀ sí pé ẹni tó ni owó ti kú, Màámi.”

Wọ́n ti sọ fún mi nílé ìwòsàn. Pásítọ̀ sọ ọ́.
Wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta tí yìnyín bò lórí òkè.
Àpótí tí kò gba èékánná ọmọdé,
báwo ló ṣe gba odindi Ládiméjì?

Mo pa ení rẹ́. Mo tẹ ẹ̀rin.
Mo kọ èyí tí wọ́n ti yọ tẹ́lẹ̀ fún ìjọba, tí mo fò.
Pupa náà rọlẹ̀, rọlẹ̀,
ó ku igba dọ́là ó lé mẹ́rìndínlógún.
Ìyẹn ni gbèsè mi. N ó san án.

Ṣé kí n fi ránṣẹ́? ni ẹ̀rọ wí.
Mo ní kó dúró ná.
Mo dìde lọ po ògì,
mo sì bù ú sí abọ́ méjì kí n tó rántí.