Ìgò Iyọ̀ Ìyá Mi

Ìgò kan wà lórí pẹpẹ ìyá mi ní Màsífà,
ìdérí rẹ̀ ti dípẹtà,
máńgòrò méjì tí wọ́n yà sí i lára ti bó tán, ó ku ewé kan.
Iyọ̀ ló wà nínú rẹ̀ báyìí.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ jáàmù ṣì ń mí lọ́nà Ìlọrin,
ìyá mi ló ń bó máńgòrò, òun àti Dọ́kásì,
àti Ṣadíátù tí kì í sọ̀rọ̀.
Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀,
ọkọ̀ á da máńgòrò sílẹ̀ gbàràgàdà,
agbọ́n á dé, eṣinṣin á dé, àwa ọmọ náà á dé,
ìgbálẹ̀ kan náà ni wọ́n fi ń lé gbogbo wa.
Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sè é,
òórùn rẹ̀ á gba orí òrùlé dé inú ṣọ́ọ̀ṣì;
pásítọ̀ ń wàásù ààwẹ̀,
ìjọ ń gbé itọ́ mì.

Lábándé ló ń ro ó. Àpá kan wà ní ìgúnpá rẹ̀
tó ń dán bí ẹyọ owó tuntun.
Ó ní ṣúgà gbígbóná kì í ṣàn lọ bí omi,
ńṣe ló ń lẹ̀ mọ́ni bí ìbátan.

Lọ́sẹ̀ kan, wọ́n ní ṣúgà kò dé.
Lọ́sẹ̀ kejì, èédú kò dé.
Lọ́sẹ̀ kẹta máńgòrò dé, ó kún ilẹ̀, ó rà,
mánijà ni kò dé.

Owó oṣù mẹ́rin. Páálí ìgò òfìfo ni wọ́n fi san án.
Dọ́kásì ta tirẹ̀ fún àwọn oníkẹrosíìnì.
Ṣadíátù fọ́ tirẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì,
ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí páálí fi gbẹ,
ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó lọ sílé.
Ìyá mi ru tirẹ̀ wálé.

Ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀ báyìí.
Lánàá, òun àti Lábándé tún jà lórí fèrè iṣẹ́:
ó ní aago méje ni wọ́n ń fọn ọ́n,
Lábándé ní aago mẹ́fà ààbọ̀.
Láti ọgbọ̀n ọdún, kò sẹ́ni tó gbà fún ẹnìkejì.

Mo bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Mo ní ìgò yìí ṣì ń ta sánsán máńgòrò.
Ìyá mi ní irọ́ ni mò ń pa.
Ó gbà á lọ́wọ́ mi,
ó gbé e sí imú, ó pẹ́ kó tó dé e.