Asọ̀rọ̀

Àwọn onílẹ̀ pe odò náà ní Rímac, Asọ̀rọ̀.
Àlejò létí, kò fi gbọ́ràn:
ó ní Lima, ó kọ ọ́ sínú ìwé,
ó fi ààfin àti ilé ìjọsìn há odò láyè.

Ilẹ̀ mì, agogo já bọ́.
Wọ́n tún ìlú kọ́.
Ilẹ̀ tún mì.

Òjò kì í sábà rọ̀ níbẹ̀;
ojú ọ̀run dà bí aṣọ tí a sá tí kò gbẹ.

Lórí òkè, níbi tí ẹ̀rọ omi kò dé,
Eudocia Huamaní na àwọ̀n mọ́ òpó méjì.
Kì í ṣe ẹja ló fẹ́ kó.
Ìkùukùu ni.

Lóru, tó, tó, tó, nínú garawa.
“Gbọ́,” ló wí, “ó tún ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀.”
Ọmọ rẹ̀ ti sùn lọ.